Bí A Ṣe Ń Yan Bíìtì Rúútà Tó Dára

Rúútà, ẹ̀rọ tí káfíńtà fi ń gbẹ́ etí àti ojú igi, kò lè gé igi kó dán, bó ti wù kó wọ́n tó, tí bíìtì, ìyẹn ọ̀bẹ kékeré tó ń yí lẹ́nu rẹ̀, kò bá dára. Bíìtì ló ń kan igi. Nítorí náà, mú un dání kí o tó san owó, kí o sì yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní.

Ìdí rẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ wò, ìyẹn ọ̀pá tó ń wọ ẹnu rúútà. Bí rúútà rẹ bá gba 1/2 íǹṣì, òun ni kí o rà. Ó ki ju 1/4 íǹṣì lọ, kì í sì í gbọ̀n bíi tirẹ̀. Ṣọ́ra fún ọ̀pá 6 mìlímítà. Ojú lásán kò lè fi í yàtọ̀ sí 1/4 íǹṣì, bẹ́ẹ̀ 6.35 mìlímítà ni 1/4 íǹṣì. Ìyàtọ̀ kékeré yẹn tó láti mú kí bíìtì yọ̀ jáde lẹ́nu iṣẹ́. Má ṣe fi ohunkóhun wé e kó lè há.

Ó kan eyín rẹ̀. Eyín HSS (irin tí wọ́n ń pè ní high-speed steel) máa ń mú, ó sì rọrùn láti pọ́n, àmọ́ gọ́ọ̀mù inú plywood àti MDF, àwọn pákó tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pọ̀, tètè máa ń sọ ọ́ di kíkú. Tungsten carbide, tó le ju HSS lọ, ni kí o rà. Wá èyí tí eyín rẹ̀ nípọn, nítorí yóò ṣeé pọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i. Wo ojú ibi tí wọ́n ti fi iná jó eyín mọ́ ara irin: kò gbọdọ̀ sí ihò tàbí àlàfo níbẹ̀ rárá. Mo ti ra ọ̀kan rí tí mi ò wo ibẹ̀. Eyín kan ṣí kúrò lórí igi líle, ó sì fò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú mi. Láti ọjọ́ náà, n kì í ra bíìtì tí mi ò bá yẹ ojú jíjó rẹ̀ wò.

Tó bá ní bẹ́árìn (òrùka kékeré tó ń yí lára bíìtì), fi ìka yí i. Kò gbọdọ̀ há, kò sì gbọdọ̀ mì.

Má sáré ra àpótí tó kún fún àádọ́ta bíìtì. Èyí tó ń gé tààrà, èyí tó ní bẹ́árìn tó ń gé etí pákó dọ́gba, àti èyí tó ń sọ etí di roboto ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Bíìtì ńlá ń fẹ́ eré díẹ̀: èyí tí kò fẹ̀ ju 1 íǹṣì lè yí ní ìgbà 24,000 ní ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n èyí tó fẹ̀ tó 3 íǹṣì kò yẹ kó ju nǹkan bíi 12,000 lọ. Tí rúútà rẹ kò bá ṣeé dín eré rẹ̀ kù, fi bíìtì ńlá sílẹ̀.

Nígbà tí o bá délé, ti ọ̀pá bíìtì bọ ẹnu rúútà títí yóò fi kan ìsàlẹ̀, fà á padà sókè ní nǹkan bíi 2 mìlímítà, kí o tó dè é pinpin. Dán an wò lára àjákù pákó. Bó bá ń jó igi dúdú nígbà tí o ń tì í lọ déédéé, tí eré rẹ̀ kò sì pọ̀ jù, dá a padà fún ẹni tó tà á.