Bí A Ṣe Ń Yọ Irin Tó Há Sára Ọ̀dà Ọkọ̀ Kí A Tó Pọ́líìṣì Rẹ̀

Ẹ fọ ọkọ̀ yín, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ wá fi ọwọ́ ra bónẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Bí kò bá jọ̀lọ̀, tí nǹkan wínníwínní ń ta yín lọ́wọ́, ìdọ̀tí kọ́ nìyẹn mọ́. Irin ló wà níbẹ̀. Lára ọkọ̀ funfun, ẹ óò rí i bí ó ṣe pọ́n rúsúrúsú, tó kéré ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Lára ọkọ̀ dúdú, ojú kì í tètè rí i, ọwọ́ ló ń mọ̀ ọ́n. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ tó ń fọ ọkọ̀ ní Kabba níbí, ẹ̀rọ pọ́líìṣì ni wọ́n ń sáré gbé lé e. Ẹ̀rọ á hú irin náà jáde, irin á wọ inú fóòmù, fóòmù á sì máa fi yí lórí ọ̀dà bí ó ṣe ń yí. Ọkọ̀ á dán lọ́jọ́ náà. Tí oòrùn ọ̀sán bá wá ràn sí i, ẹ ó rí ìlà róbótó-róbótó káàkiri ara rẹ̀.

Búréèkì ni irin yìí ti ń wá jù. Bí ẹ bá ti ń tẹ búréèkì ni pádì ń lọ dísìkì, irin sì ni dísìkì. Eruku tó ń bọ́ lára rẹ̀ máa ń gbóná. Ẹni tó bá ń tọ ọ̀nà kọnkéré Obajana sí Kabba lójoojúmọ́, tó ń tẹ̀lé tírélà símẹ́ǹtì lẹ́yìn bí wọ́n ṣe ń fi búréèkì sọ̀ kalẹ̀, kò ní ṣàìgba tirẹ̀. Àwọn wẹ́dà ló tẹ̀ lé e. Ẹ má páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà tó ń fi ẹ̀rọ fáìlíìnì gé irin géètì. Iná tó ń ta pàrà-pàrà yẹn, irin gbígbóná ni. Á jó wọnú kilíà, ìyẹn ọ̀dà aláìláwọ̀ tó ń dán tí wọ́n fi ń bo ọ̀dà ọkọ̀ lójú, á sì jókòó síbẹ̀. Nígbà tí òjò bá rọ̀ sí i, á dípẹtà, á wú, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í la ọ̀dà láti inú wá.

Àwọn kan máa ń ní eruku òkúta irin Itakpe ló ń fà á. Èmi ò gbà. Òkúta tí wọ́n wà nínú ilẹ̀ kì í gbóná nígbà tó bá bà lé ọkọ̀, omi lásán á gbé e lọ, bí ó ṣe ń gbé erùpẹ̀ pupa ọ̀nà Bùnú lọ. Irin tó gbóná tó sì mú ni ká máa bẹ̀rù.

Oògùn rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní iron remover. Ìgò mìíràn á kọ fallout remover, ohun kan náà ni. SONAX, tó ti Jámánì wá, ń ṣe é. CarPro náà ń ṣe Iron X. Tí ẹ kò bá rí i rà nítòsí, ẹ ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ láti Abuja tàbí Èkó, kí wọ́n fi sínú bọ́ọ̀sì ní gáréèjì. Ìgò 500ml tó ọkọ̀ kékeré kan dáadáa, á tún ṣẹ́ kù fún ríìmù. Kí ẹ tó sanwó, ẹ yẹ ẹ̀yìn ìgò wò bóyá ẹ ó rí thioglycolate níbẹ̀. Òun ni iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀: ó ń di irin mú, ó ń tú u kúrò lára ọ̀dà, ó sì ń sọ ọ́ di àwọ̀ elésè àlùkò kí ẹ lè rí i. Òórùn rẹ̀ kò dára, bí ẹyin tó bàjẹ́. Àwọn ìyá wa tó ṣe Jerry curl nígbà kan á dá a mọ̀ kíá, nítorí ìdílé kan náà ni òun àti ohun tí wọ́n fi ń ká irun yẹn.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi omi báttìrì rọ́pò rẹ̀. Ẹ má fi oògùn ìfọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà rọ́pò rẹ̀. Mo ti rí méjèèjì. Lóòótọ́ ni wọ́n ń jẹ irin, ṣùgbọ́n wọ́n ń jẹ kilíà, wọ́n ń sọ krómù di dúdú, wọ́n sì ń pa rọ́bà fèrèsé. Kilíà tí wọ́n kùn ní ilé iṣẹ́, nǹkan bíi máíkírọ́ọ̀nù 40 sí 50 péré ni ó nípọn, irun orí ènìyàn nípọn jù ú lọ. Kò sí ààyè fún àṣìṣe nínú nǹkan tó fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn nǹkan tó kù kò wọ́n. Bọ́kẹ́ẹ̀tì méjì, ọṣẹ ọkọ̀, tawẹ́ẹ̀lì microfibre mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ìbomú, àti clay bar, ìyẹn amọ̀ rírọ̀ tí wọ́n ń fà lórí ọ̀dà kó lè kó ohun tó há sí i. Ẹ̀rọ tó ń fi agbára tu omi dára bí iná bá wà. Bí kò bá sí, họ́ọ̀sì tí ẹ fi ìka dí ẹnu rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ náà. Bí omi borehole yín bá ń fi àbàwọ́n pupa sí ìdí bọ́kẹ́ẹ̀tì, irin wà nínú òun fúnra rẹ̀. Omi òjò ni kí ẹ lò.

Ẹ fọ ọkọ̀ bí ẹ ṣe máa ń fọ̀ ọ́, ẹ ṣan án dáadáa. Erùpẹ̀ kò gbọdọ̀ kù, nítorí oògùn tó wọ́n kò yẹ kó máa bá amọ̀ jà. Símẹ́ǹtì tó bá ta sí i nítòsí Obajana, tó ti gan bí eyín, iron remover kò lè mú un; ẹ pò fínígà mọ́ omi ní ìdajì sí ìdajì, ẹ fi aṣọ tí ẹ rì sínú rẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀ títí yóò fi rọ̀, kí ẹ tún ibẹ̀ fọ̀. Ọ̀dà títì tó lẹ̀ mọ́ abẹ́ ilẹ̀kùn, kẹrosíìnì díẹ̀ lórí aṣọ tó fún un, kí ẹ fi ọṣẹ fọ òórùn rẹ̀ kúrò. Ẹ má lo bẹntiróòlù.

Ó kan fífín iron remover. Ibí ni kí ẹ ti fara balẹ̀, torí níbí ni ọ̀pọ̀ ti ń ba ọkọ̀ olówó jẹ́.

Ara ọkọ̀ gbọ́dọ̀ tutù. Kì í ṣe kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kó tutù. Ẹ gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé bónẹ́ẹ̀tì, ẹ sì rántí pé ẹ́ńjìnnì tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ pa wà lábẹ́ rẹ̀. Èmi kì í fín in lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án àárọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn; bí mo bá pẹ́ dìde, mo di aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Abẹ́ igi máńgòrò dára, àfi ìgbà tó bá ń tanná.

Ẹ má fín gbogbo ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ mú bónẹ́ẹ̀tì, ẹ ṣe é tán, ẹ ṣan án, kí ẹ tó kọjá sí ilẹ̀kùn. Ìgò á sọ pé kí ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 3 sí 5. Ẹni tó kọ ọ́ kò tíì rí ọyẹ́ Kabba ní oṣù Ṣẹẹrẹ. Nígbà ọyẹ́, ìṣẹ́jú méjì ni mò ń fún un, ojú mi ò sì ní kúrò lára rẹ̀. Ohun tí a ń sá fún ni kí ó gbẹ. Tó bá gbẹ, ó máa ń fi àbàwọ́n sílẹ̀ tí omi kò ní lè mú mọ́. Tí ẹ bá rí i pé etí rẹ̀ ti ń gbẹ, ẹ má dúró ro ohun tí ẹ ó ṣe, ẹ da omi sí i. Bí ó bá ti gbẹ tán, ẹ fín tuntun lé e lórí kó lè rọ̀, kí ẹ sì ṣan án kíákíá. Ẹ má fi èékánná họ ọ́.

Láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹ ó rí i tí àwọ̀ elésè àlùkò á máa ṣàn wálẹ̀ bí ẹ̀jẹ̀. Oníbàárà tó dúró tì yín á fò sókè: "Òkun o, ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò ti bó ọ̀dà mi?" Ẹ fi í lọ́kàn balẹ̀, ọ̀dà kọ́ ló ń ṣàn. Àmọ́ ìgbà yìí gan-an ni ọmọ iṣẹ́ máa ń mú kànrìnkàn, tó fẹ́ ran oògùn lọ́wọ́. Ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Irin tó ti tú kò tíì di omi gbogbo rẹ̀. Ó ṣì ní ẹnu, bí ẹ bá sì ń fi nǹkan rà á, ẹ ti ń fi í kọ ilà sára ọkọ̀ nìyẹn. Lára ọ̀dà, èmi kì í fọwọ́ kàn án rárá. Ríìmù nìkan ni mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀ gbo, òun ni mo sì ń ṣe kẹ́yìn, nígbà tí táyà àti búréèkì bá ti tutù.

Ẹ ṣan án láti òkè wá sísàlẹ̀. Ẹ ṣan etí ilẹ̀kùn, abẹ́ nọ́ńbà, ibi tí dígí ẹ̀gbẹ́ so mọ́. Omi tó kù síbẹ̀ á jò wálẹ̀ nígbà tó bá yá, á sì gbẹ sójú ibi tí ẹ ti ṣe tán. Ẹ má jẹ́ kó ṣàn lọ sí ẹnu kànga.

Bí àwọ̀ náà bá ṣì ń jáde gan-an, ẹ tún un fín lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ dúró níbẹ̀. Mo mọ àwọn tó fín in títí ìgò fi tán, tí wọ́n ń lé àwọ̀ kiri. Èyí tó kù, clay ni yóò mú un.

Ọkọ̀ tí wọ́n tún kùn lábẹ́ igi, tí ẹ kò mọ irú ọ̀dà tí wọ́n lò, ẹ kọ́kọ́ dán oògùn wò ní ibi tí ojú kò tó, bíi ẹ̀yìn nọ́ńbà. Èyí tí wọ́n kùn lóṣù yìí, ẹ fi sílẹ̀ títí ọ̀dà á fi gan dáadáa.

Clay kò le, ó kàn ń fẹ́ sùúrù. Ẹ gé e díẹ̀, ẹ fi ọwọ́ pò ó, ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ kó tó ìka mẹ́ta. Àwọn tó ń tà á á fẹ́ ta omi tó ń jẹ́ kó máa yọ̀ mọ́ ọn. Ọṣẹ ọkọ̀ díẹ̀ nínú omi tó kún ìgò ìfín ti tó. Ẹ fín omi ọṣẹ yẹn kó rẹ, ẹ wá máa fa clay lọ fa á bọ̀ ní gbọọrọ, láìtẹ̀ ẹ́. Tó bá ti ń lẹ̀, omi ọṣẹ kò tó. Ẹ máa ká a kí ojú tó mọ́ máa wà níta. Bí ó bá já bọ́ sílẹ̀, ì báà jẹ́ tuntun, ẹ sọ ọ́ nù. Ibí ni àwọn ahun ti máa ń kábàámọ̀: wọ́n á fi omi ṣan án, wọ́n á ní ó ti mọ́, iyanrìn sì wà nínú rẹ̀.

Ẹ mọ ibi tó kù báyìí: ẹ ki ọwọ́ bọ inú ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń di iyọ̀, kí ẹ rọra fi ra ara ọkọ̀ tó ṣì tutù. Ọ̀rá yẹn máa ń jẹ́ kí ọwọ́ mọ ohun tí ìka lásán ò lè mọ̀. Tó bá jọ̀lọ̀ láti bónẹ́ẹ̀tì dé bùúùtù, ẹ nù ún gbẹ, ẹ lè gbé ẹ̀rọ pọ́líìṣì. Ọjọ́ kan náà ni kí ẹ ṣe é, torí kò sí wáásì (wax) tó ń dáàbò bò ó tó ṣẹ́ kù lára ọ̀dà yẹn mọ́, ìhòòhò ló wà. Tí ẹ bá sì pọ́líìṣì tán, wáásì ni kí ẹ fi pa á kó tó sùn sí ìta.

Fún ọkọ̀ tó ń rin ọ̀nà Obajana, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún tó. Èyí tó jókòó sí Ìsánlú tí bàbá àgbà fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀ẹ̀kan ti pọ̀.