Bí a ṣe ń ka máàpù igbó láì ṣì í kà

World Resources Institute, àjọ aṣèwádìí tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1982 tí olú ilé rẹ̀ sì wà ní Washington, kò ní àṣẹ láti mú ẹnikẹ́ni tó ń gé igi. Ohun tí ó lè ṣe ni kí ó jẹ́ kí gbogbo ayé rí i. Ìdí nìyí tí òun àti àwọn alábàáṣe rẹ̀ fi gbé Global Forest Watch, máàpù tó ń fi igbó gbogbo ayé hàn, sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, èyí tí mo kà sí iṣẹ́ wọn tó wúlò jù.

Kí ẹ tó wo Amazon tàbí Kóńgò, ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí ẹ mọ̀, bíi igbó Omo ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Àwọ̀ ewé ni ibi tí igi wà, píǹkì sì ni ibi tí igi ti lọ.

Ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Àwọn onímọ̀ Yunifásítì Maryland, tí wọ́n ń yẹ àwòrán sátẹ́láìtì Landsat wò láti ṣe ìṣirò tó wà nínú máàpù yìí, ń ka ewéko tó bá ga ju mítà 5 lọ sí igi, wọn kò sì ya ìrókò inú igbó sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀pẹ tí iléeṣẹ́ gbìn. Bí wọ́n bá gé igi gmelina tí ìjọba gbìn fún pákó, píǹkì ni yóò yọ, bí wọ́n tilẹ̀ fẹ́ tún un gbìn lọ́dún tó ń bọ̀. Bí wọ́n bá sì ti pa igbó àtayébáyé run ṣáájú ọdún 2001, tí ìṣirò náà bẹ̀rẹ̀, kò ní hàn rárá. Nítorí náà, ẹ má ṣe pe gbogbo píǹkì ní igbó tó parun.

Ẹ má sì fi ọdún 2005 wé 2020 wẹ́rẹ́, nítorí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣàyẹ̀wò ti dára sí i, ohun tí wọn ìbá fojú fò tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń rí báyìí.

Lásìkò òjò, àwọsánmà máa ń dí Landsat lójú. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láìpẹ́, ẹ tan RADD lórí máàpù náà, ìyẹn ìkìlọ̀ nípa ibi tí igi ṣẹ̀ṣẹ̀ ti lọ, tí rádà rẹ̀ ń la àwọsánmà kọjá. Ẹ kọ ọjọ́ àti ibi náà sílẹ̀, kí ẹ wá bi ọdẹ tàbí àgbẹ̀ tó ń gba ibẹ̀ kọjá bóyá kòkó ni wọ́n fẹ́ gbìn, tàbí agégẹdú ló wọlé, tàbí iná ló jó o, kí ìdáhùn wọn sì wà nínú lẹ́tà tí ẹ bá kọ sí àwọn amójútó igbó.