Bí a ṣe ń fi ìmọ́lẹ̀ to púrótéènì sójú dígí

Púrótéènì kì í yan ibi tí yóò lẹ̀ mọ́. Ẹ ro ó sójú dígí lásán, kò ní pẹ́ tí yóò fi bo gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tò ó ní tóótòòtó, kí ó lè mọ ohun tí yóò dì mọ́ ọn nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, wàhálà rẹ̀ kì í ṣe bí yóò ṣe lẹ̀. Bí kò ṣe ní lẹ̀ níbi tí a kò fẹ́ ni. Aládìrẹ ẹlẹ́kọ mọ ọ̀rọ̀ yìí: ibi tí ẹ̀kọ láfún bá bò, aró kò ní í débẹ̀.

Ẹ̀kọ tiwa níbí ni PLL-PEG, èròjà kan tí apá PLL rẹ̀ ń di dígí mú, tí apá PEG rẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí púrótéènì lẹ̀. Páànù bátànì tiwa ni másìkì, ìyẹn àwo quartz (irú dígí kan) tí wọ́n fi irin chrome bò, tí wọ́n sì ṣí ojú tóótòòtó sí chrome náà. Quartz ni o! Ìtànṣán UV (ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò lè rí) 185 nm tí a fẹ́ lò kò lè gba inú dígí ọjà kọjá.

Ẹ fi ethanol fọ dígí pẹlẹbẹ ti maikirosíkóòpù, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ gbé e sábẹ́ gílóòbù UV fún ìṣẹ́jú 5. Ẹ po PLL-PEG mọ́ HEPES 10 mM (omi tí kì í jẹ́ kí pH yí, pH 7.4), 0.1 mg sí mílílítà kan. Ẹ kán an sórí parafilm (ọ̀rá fẹ́lẹ́ tí omi kì í wọ̀), ẹ da ojú dígí dé e. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 30, ẹ fi ẹ̀mú gbé e lóòró kí omi ṣàn kúrò, kí ẹ sì fi omi mímọ́ ṣàn án.

Ìdí másìkì ni iṣẹ́ ti sábà ń bàjẹ́. Fún dígí 20 mm, omi máíkírólítà 3 lójú chrome ti tó. Ẹ da ojú tó ní PEG lé e, ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ kí omi tẹ́ fẹ́lẹ́, kí afẹ́fẹ́ má há síbẹ̀. Bí omi bá pọ̀ jù, ìmọ́lẹ̀ á fọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́, etí tóótòòtó á sì rí bí àdìrẹ tí aró rẹ̀ ta. Ẹ kọ ẹ̀yìn másìkì sí gílóòbù, bíi 5 cm síra, fún ìṣẹ́jú 5. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá gbà wọlé, PEG ibẹ̀ á jóná, púrótéènì á sì lè lẹ̀ síbẹ̀. Gílóòbù yìí ń ba ojú àti awọ jẹ́, ó sì ń sọ ọ́síjìn di ozone, nítorí náà inú àpótí tó ní ìdérí ni kó wà, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ jáde.

Ẹ má fi ẹ̀mú ṣí dígí kúrò lára másìkì. Ẹ rọ omi sí i, á léfòó fúnra rẹ̀.

Èyí tó kù kò le. Ẹ fi fibrinogen (púrótéènì ẹ̀jẹ̀ kan) 25 µg sí mílílítà kan nínú sodium bicarbonate 100 mM (pH 8.5) bo ojú dígí fún ìṣẹ́jú 30, kí ẹ fi PBS (omi iyọ̀) fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta láìjẹ́ kó gbẹ. Bí ẹ bá lú díẹ̀ lára fibrinogen tí wọ́n so àwọ̀ tó ń tàn mọ́ pọ̀ mọ́ ọn, ẹ ó rí tóótòòtó náà kedere. Bó bá jẹ́ gbogbo ojú dígí ló tàn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé dígí kò mọ́ kí PEG tó bò ó.

Púrótéènì kan ṣoṣo ni ọ̀nà yìí ń tò lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó fẹ́ oríṣiríṣi, kó lọ lo lísà búlúù 473 nm. Lísà náà á pa àwọ̀ biotin-4-fluorescein (àwọ̀ tó ń tàn tí wọ́n so mọ́ fítámì biotin), èyí tó bá kú lábẹ́ rẹ̀ á dì mọ́ ojú dígí tí a ti fi BSA, púrótéènì ẹ̀jẹ̀ màlúù, tẹ́. Streptavidin, púrótéènì tó ń di biotin mú, á gùn ún, antibody (púrótéènì tó ń dì mọ́ ohun kan pàtó) tó ní biotin á gun streptavidin. Kí ẹ tó lọ sí igun kejì, ẹ fi biotin lásán dí àyè tó bá ṣẹ́kù lára streptavidin, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, antibody kejì á wọ ilé èkíní.