Bí mo ṣe pa sítíárìn ẹ̀yìn 300ZX mi

Nissan 300ZX tọ́bò mi ti ọdún 1991 ń ju ìdí bí ọ̀mùtí tí mo bá fi eré yà, iná HICAS, ẹ̀rọ tó ń yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, sì ń tàn ní dáṣíbọọ̀dù. Táyà ni mo kọ́kọ́ pààrọ̀, owó ṣòfò. Ìgbà tí mo gbé ọkọ̀ sókè, tí mo mi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sọ́tùn-ún sósì, ó ń dún kọ̀-kọ̀: bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì ti jẹ, ọ́ìlì ń kán lára ráàkì ẹ̀yìn, ìyẹn irin HICAS tó ń ti ẹsẹ̀ náà yà. Ogbó ni.

Mo yọ ráàkì náà, mo fi irin gbọọrọ tí wọ́n ń tà fún un rọ́pò rẹ̀. Ẹ má dí ẹnu pọ́ǹpù tó ń ti ọ́ìlì lọ sí ráàkì náà o! Ẹ da hóòsì rẹ̀ padà sínú agolo ọ́ìlì, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ pọ́ǹpù á bàjẹ́. Mo wá ṣe aláìnmẹ́ǹtì. Iná yẹn? Gílóòbù rẹ̀ ni mo yọ.