Ọ̀nà Àbùjá fún Ìṣirò Ẹ̀dínwó àti Owó Orí Ọjà

Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́ wa ní Abẹ́òkúta, nínú ìṣirò ẹ̀dínwó, ìdá nínú ọgọ́rùn-ún (%) tó ṣẹ́ kù láti san ni kí àwọn ọmọ fi sọ owó ọjà di púpọ̀, kí wọ́n má ṣe máa wá iye tí a dín kù kí wọ́n tó yọ ọ́. Bí àdìrẹ kan ní ọjà Ìtòkú bá jẹ́ ₦20,000, tí ẹ̀dínwó rẹ̀ sì jẹ́ 20%, 80% ló kù, nítorí náà 20,000 × 0.80 jẹ́ ₦16,000. Bí ìbéèrè bá wá fi owó orí ọjà 7.5% lé e, 16,000 × 1.075 yóò jẹ́ ₦17,200. Ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń ṣìnà gan-an nìyí: wọ́n á yọ 7.5 kúrò nínú 20, wọ́n á dín 12.5% kù, wọ́n á sì kọ ₦17,500, bẹ́ẹ̀ orí ₦16,000 ni a ti ń ṣírò owó orí, kì í ṣe orí ₦20,000. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀dínwó bá jẹ́ iye náírà pàtó, bíi ₦2,000 lórí àdìrẹ ₦20,000 yìí kan náà, ẹ kọ́kọ́ wo èyí tí ìbéèrè ní kó ṣáájú, nítorí pé bí ẹ̀dínwó bá ṣáájú, ìdáhùn jẹ́ ₦19,350, bí owó orí bá sì ṣáájú, ó di ₦19,500.