Bí Ẹ Bá Fìdí Rẹmi Nínú Ìbò: Bí Ẹ Ṣe Máa Lo Ọjọ́ 21 Àkọ́kọ́

Láti ọjọ́ tí àjọ INEC bá ti kéde èsì, ọjọ́ 21 péré ni òfin Nàìjíríà fún òǹdíje tó fìdí rẹmi láti pe ẹjọ́. Sátidé àti Sọ́ńdè wà nínú rẹ̀. Tó bá jẹ́ ìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ ni, ọjọ́ 14 ni. Àsìkò tí ọkàn yín gbọgbẹ́ jù náà lẹ gbọ́dọ̀ ṣèpinnu tó le jù, nítorí náà ẹ ya ẹkún sọ́tọ̀, kí ẹ ya ìṣirò sọ́tọ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ tí èsì bá jáde, ẹ má bá oníròyìn kankan sọ̀rọ̀. Ẹ gbé fóònù yín fún ẹnì kan tí ara rẹ̀ balẹ̀. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn èèyàn yín, ẹ ní kí ẹnikẹ́ni má jà, ẹ sọ fún wọn pé ẹ ń yẹ èsì wò. Ó tó. Ẹ má sọ pé wọ́n jí ìbò yín nígbà tí ẹ ò tíì rí ìwé kankan. Tí àwọn ọ̀dọ́ bá torí ẹ̀ dáná sun ilé, ẹ̀yin ni ọlọ́pàá máa kọ́kọ́ wá. Ẹ jẹun, ẹ sùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, owó àwọn aṣojú ẹgbẹ́ ní ibùdó ìdìbò ni kí ẹ kọ́kọ́ san. Ọwọ́ wọn ni ẹ̀dà fọ́ọ̀mù EC8A, ìyẹn ìwé èsì ibùdó ìdìbò kọ̀ọ̀kan, wà, aṣojú tí ẹ sì jẹ lówó kì í tètè gbé ìwé wá. Ẹ to àwọn fọ́ọ̀mù náà ní wọ́ọ̀dù-wọ́ọ̀dù, ẹ fi wọ́n wé èyí tó wà lórí IReV, ìkànnì tí INEC ń gbé èsì sí, àti àròpọ̀ èsì wọ́ọ̀dù tó wà nínú fọ́ọ̀mù EC8B. Ẹ sàmì síbi tí iye kò ti bára mu. Ìbò mélòó ni wọ́n fi jù yín lọ? Mélòó ló wà níbi tí ẹ ti rí àṣìṣe? Tí wọ́n bá fi 9,000 jù yín lọ, tí ibi tí ẹ ń jà lé lórí kò sì ju 2,500 lọ, ẹjọ́ yẹn kò lè fẹsẹ̀ múlẹ̀, torí adájọ́ máa béèrè bóyá àṣìṣe náà tó ohun tó lè yí èsì padà. Agbẹjọ́rò tí kò bá yín polongo ìbò ni kí ẹ kó ìwé náà fún. Ẹni tó bá yín jó káàkiri ìlú ń ṣọ̀fọ̀ bíi tiyín. Kí ìwé náà dé ọwọ́ agbẹjọ́rò kó tó di ọjọ́ keje, kí ìpinnu sì wà nílẹ̀ ní ọjọ́ kẹwàá, torí wíwá ẹlẹ́rìí ń gba àkókò.

Ọ̀nà méjì ló wà: kí ẹ pe ẹjọ́, tàbí kí ẹ gbà fún ẹni tó wọlé. Káyọ̀dé Fáyẹmí, tó ti ṣe gómìnà rí, tọ ọ̀nà méjèèjì l'Ékìtì. Lẹ́yìn ìbò 2007, ó bá ẹjọ́ yí títí Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn fi dá a láre ní oṣù kẹwàá 2010. Ní 2014, Ayọ̀délé Fáyóṣe borí rẹ̀ ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 16; Fáyẹmí gbà fún un lọ́jọ́ kejì ìbò, ó di mínísítà ní 2015, ó sì padà di gómìnà ní 2018. Lójú tiwa, ọ̀wọ̀ tó ní lọ́jọ́ tó gbà yẹn wúlò fún un lẹ́yìn náà.

Ní ti gbèsè, ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ẹ fún olówó kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ tó dájú. Ẹ má ta ilé tàbí ilẹ̀ láàárín oṣù yìí, olówó pọ́ọ́kú ló máa rà á. Tí oorun àti oúnjẹ bá ṣì kọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ lọ rí dókítà.

Tí ẹ bá ti pinnu pé kò sí ẹjọ́, ẹ pe ẹni tó wọlé lórí fóònù fúnra yín. Ẹ kí i, kí ẹ sì dárúkọ àwọn ọmọlẹ́yìn yín tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba, kí ẹ bẹ̀ ẹ́ pé kó má torí yín lé wọn lẹ́nu iṣẹ́.