Bí bíréèkì Escort mi ṣe padà mú ní Brands Hatch

Ìyípo kẹrin ni, ní Brands Hatch, pápá ìsáré mọ́tò kan ní England. Mo ti sọ̀ kalẹ̀ ní kọ́nà Paddock Hill, mo ń gun òkè lọ sí kọ́nà Druids, mo tẹ bíréèkì, ó rọ̀ bíi fùfú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tẹ̀ ẹ́ kó tó mú. Àyà mi já.

Ford Escort Mk1 ni. A ti fi ẹ́ńjìnnì Pinto onílítà méjì sí i, ṣùgbọ́n a ò fọwọ́ kan bíréèkì rẹ̀ rárá.

Mo kọ́kọ́ rò pé ó ń jò, àmọ́ gbogbo rẹ̀ gbẹ. Ìgbà tí mo ṣí ike epo bíréèkì ni mo rí i: epo náà ti dúdú bíi tíì. Epo yìí máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Epo bíréèkì irú DOT 4 tuntun gbọ́dọ̀ lè gba ìgbóná tó 230°C kó tó hó. Tómi bá ti wọ̀ ọ́, ó lè hó ní 155°C. Tó bá ti hó, oru lẹsẹ̀ ń tẹ̀.

Mo fa ti àtijọ́ dànù, mo bu tuntun sí i. Táyà ẹ̀yìn tó jìnnà jù la ti bẹ̀rẹ̀. Àbúrò mi ń tẹ̀ ẹ́, èmi ń pariwo: "Mú un dání! Ó yá, jù ú sílẹ̀!" títí ìfófòó fi tán nínú rọ́bà. Mo fi pádì tó ń gba ìgbóná síwájú, mo sì na ọ̀pá afẹ́fẹ́ sí dísìkì méjèèjì.

Nígbà tá a padà lọ, ìyípo mẹ́wàá, pẹ́dà le bí òkúta. Mo rọra wa ìyípo tó kẹ́yìn kó lè tutù, n ò sì fa bíréèkì ọwọ́ nígbà tí mo páàkì.